Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Pípa Ẹja Ejò Nínú Odò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹja ejò (eel lédè Gẹ̀ẹ́sì), kó kọ́kọ́ wádìí ìrìn ẹja náà, nítorí ìrìn rẹ̀ ni àwọn apẹja ìgbàanì dẹ pàkúté sí. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yìí, tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ ẹni, kì í yé ẹyin sínú odò. Agbami òkun, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀ gan-an, ló ń lọ yé e sí. Ìṣàn òkun ló ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí etíkun. Nígbà tí wọ́n bá fi máa débẹ̀, wọ́n ti di ọmọ ẹja wínníwínní tí ara wọn mọ́ gaara débi pé a lè rí ìfun wọn láti òde. Wọ́n á wọ ẹnu odò, wọ́n á máa gòkè lọ. Nínú omi tí kò níyọ̀ yìí ni wọ́n á ti máa jẹ, tí wọ́n á máa dàgbà, fún ọdún 5, ọdún 10, nígbà mìíràn fún ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ara ẹja náà á yí padà: ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, ikùn rẹ̀ á máa dán bíi fàdákà, ẹyinjú rẹ̀ á tóbi sí i, kò sì ní jẹun mọ́. Á dorí kọ òkun padà láti lọ yé ẹyin, kó sì kú síbẹ̀. Òru tí kò sí òṣùpá, tí òjò ti rọ̀, tí odò sì ti kún, ló fẹ́ràn láti rìn.

Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò ìwọ̀. Ẹja náà fúnra rẹ̀ ni yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ohun tó kù ni kó fi òkúta tàbí igi ṣe ọgbà sínú odò, kó fi àyè tóóró kan sílẹ̀, kó sì dẹ ìgèrè sí ẹnu àyè náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ káàkiri ayé: lọ́wọ́ àwọn tó fara balẹ̀ wo odò láti ìran dé ìran, tí wọ́n mọ àsìkò tí ẹja náà ń bọ̀ àti àsìkò tó ń lọ, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ibi tó ti wá.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wà ní Budj Bim, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà. Ilẹ̀ àwọn Gunditjmara nìyẹn. Ní ayé àtijọ́, òkè kan bú gbàmù níbẹ̀, ó tú òkúta gbígbóná tó ti yọ́ jáde, ó ṣàn lọ títí dé ìtòsí òkun. Nígbà tó tutù, ó di ilẹ̀ olókùúta dúdú tó kún fún àbàtà àti kòtò. Àwọn Gunditjmara kó àwọn òkúta yìí, wọ́n fi mọ ògiri, wọ́n la ojú omi gba àárín òkúta, wọ́n sì ṣe àwọn adágún kéékèèké. Nígbà tí àwọn onímọ̀ walẹ̀ sínú ọ̀kan lára àwọn ojú omi náà, wọ́n rí i pé ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 6,600 sẹ́yìn. Wọn ò tíì kọ́ àwọn pírámíìdì ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà.

Ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ náà ju kí èèyàn kàn mú ẹja lọ. Kooyang ni wọ́n ń pe ẹja ejò níbẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, àwọn ọmọ kooyang á gba ojú omi tí wọ́n là wọnú àwọn adágún, wọ́n á máa gbé ibẹ̀, wọ́n á sì máa sanra. Nígbà tó bá tó àkókò kí àwọn àgbà inú wọn padà sí òkun, ògiri òkúta ni yóò darí wọn síbi àyè tóóró, níbi tí ìgèrè tí wọ́n fi koríko hun ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ń yan án lórí iná inú ihò igi ńlá kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Oúnjẹ yìí pọ̀ tó, ó sì dájú tó, débi pé wọ́n fi òkúta kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi sí àwọn ìwé àtijọ́ tó ní alárìnkiri lásán ni gbogbo àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà. Ní ọdún 1841 pàápàá, George Augustus Robinson, òṣìṣẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn ní Victoria, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tó ékà 15 ó kéré tán. Síbẹ̀ àwọn tó gba ilẹ̀ náà fa omi rẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè da ẹran níbẹ̀. Ọdún 2007 ni ilé ẹjọ́ tó gbà pé àwọn Gunditjmara ló ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ wọn. Ní 2010 wọ́n sé omi Adágún Condah, tó wà lórí ilẹ̀ náà, padà. Ní 2019 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi Budj Bim kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, náà ní ọgbọ́n tiwọn. Hīnaki ni ìgèrè wọn. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lóde, ó wá há sínú, ẹja tó bá ti wọlé kì í rí ọ̀nà jáde. Wọ́n máa ń ri igi mọ́lẹ̀ nínú odò ní ìlà méjì tó ń sún mọ́ra wọn, wọ́n á sì so hīnaki mọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ní Adágún Wairewa, níbi tí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ti dí omi mọ́ òkun, àwọn ọmọ Ngāi Tahu, ẹ̀yà Māori kan, máa ń gbẹ́ kòtò gígùn sínú yanrìn náà ní ìdojúkọ òkun. Ẹja ejò tó ń wá ọ̀nà òkun á wọ inú kòtò náà ní òru dúdú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bede, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 731, sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Wilfrid dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Sussex, ìyàn ń pa wọ́n kú. Òkun àti odò wọn kún fún ẹja, ṣùgbọ́n ẹja ejò nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n pa. Àwọn èèyàn Wilfrid kó àwọ̀n ẹja ejò jọ káàkiri, wọ́n dà á sínú òkun, wọ́n sì fi kó ẹja 300. Wọ́n fún àwọn aláìní ní 100, wọ́n fún àwọn tó ni àwọ̀n ní 100, wọ́n sì mú 100 tó kù. Ẹ ò rí i pé àwọ̀n ẹja ejò ló ṣáájú àwọ̀n òkun lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1086, tí Ọba William ní kí wọ́n ka gbogbo dúkìá ilẹ̀ náà, ẹja ejò ti di owó. Ọ̀pọ̀ ilé ìlọkà tí omi ń yí ló ń fi í san owó ilẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti sé omi fún ọlọ ni ìgèrè ti ń rí ẹja mú. Wọ́n ń kà á ní 25 fún ìdì kan. Ṣùgbọ́n ọgbà inú odò bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú Magna Carta, ìwé òfin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1215 pé kí wọ́n wó gbogbo ọgbà ẹja inú odò Thames àti Medway àti ti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ti etíkun.

Ẹni tí kò lágbára ọgbà náà kò jókòó lásán. Àwọn kan ń fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu púpọ̀ gún ẹrẹ̀ nígbà òtútù, níbi tí ẹja náà ń sùn sí. Àwọn mìíràn ń fi òwú hun ekòló pọ̀ di ìṣù kan, wọ́n á rọ̀ ọ́ sínú omi. Eyín wẹ́wẹ́ ẹja náà á há sínú òwú, wọ́n á sì fà á sókè láìsí ìwọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1621, Tisquantum, ọmọ ìran Patuxet ní Amẹ́ríkà, lọ sódò ní ọ̀sán. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ títí àwọn ẹja ejò fi ń yọ jáde, ó ń fi ọwọ́ lásán mú wọn, ó sì gbé ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ ká bọ̀ ní alẹ́ fún àwọn àlejò òyìnbó ní Plymouth.

Ní gbogbo àkókò yìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń bí ẹja náà. Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ní inú ẹrẹ̀ ló ti ń jáde. Ní 1876, Sigmund Freud, kó tó di olókìkí onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn, la nǹkan bí 400 nínú ní ìlú Trieste, ó ń wá ẹpọ̀n wọn. Ìgbà tí Johannes Schmidt ará Denmark ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí òkun Àtìláńtíìkì, tó ń tẹ̀ lé ọmọ ẹja tó kéré sí i, tó tún kéré sí i, ló tó kéde ní 1922 pé Òkun Sargasso, apá kan nínú Àtìláńtíìkì, ni ẹja ejò ti Yúróòpù ti ń wá.

Ohun tó yí padà lẹ́yìn náà ló dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Láyé àtijọ́, àgbà ẹja tó ń jáde lọ ni iṣẹ́ ọgbà àti ìgèrè dá lé. Òwò ayé òde òní dá lé ọmọ tó ń wọlé bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oko ẹja ejò tó ń tà fún ọjà lónìí ló jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n kó ní ẹnu odò ni wọ́n ń sìn, nítorí pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ní Japáànì ti mú un yé ẹyin kí ọmọ rẹ̀ náà sì tún bímọ ní 2010, iṣẹ́ náà ṣì gbówó lórí púpọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ọmọ ẹja yìí ju 2,000 dọ́là lọ ní 2018. Ẹ tún wá fi àwọn ìsédò iná mànàmáná kún un, àti kòkòrò àfòmọ́ tí wọ́n kó wọ Yúróòpù láti Éṣíà. Iye ọmọ tó ń wọ odò Yúróòpù ti fi ju ìdá 90 nínú 100 dín sí ti nǹkan bí ọdún 50 sẹ́yìn. Ní 2007, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pa á láṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣètò kí ìdá 40 ó kéré tán, nínú ìwọ̀n àgbà ẹja tí ì bá máa jáde bí èèyàn ò bá dí wọn lọ́wọ́, lè dé òkun.

Ireland fòfin de òwò ẹja ejò pátápátá ní 2009. Ṣùgbọ́n wọn ò lé gbogbo àwọn apẹja Odò Shannon lọ. Ìsédò Ardnacrusha ti dí ojú ọ̀nà òkun láti 1929, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń gé ẹja tó bá bá omi wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n gba àwọn apẹja síṣẹ́ kí wọ́n máa dẹ àwọ̀n sí apá òkè ìsédò náà ní àsìkò tí wọ́n ti ń dẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ẹja náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń gbé wọn gba orí ilẹ̀ kọjá ilé iṣẹ́ iná náà, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ sínú omi nísàlẹ̀ kí wọ́n máa lọ sí Sargasso.