Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń ṣáájú àwòrán dé

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kún orí fóònù, síbẹ̀ kí fọ́tò kan má ṣí. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, bíńtín ló sì máa ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ká ní KB 6 dátà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló kàn án (báìtì 1,000 ni KB 1, KB 1,000 sì ni MB 1). Ìròyìn KB 10 á wọlé kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 2. Fọ́tò MB 3 tí wọ́n gbé sórí ìkànnì bí fóònù ṣe yà á á gbà ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Fídíò MB 10 ńkọ́? Ó ń lọ sí ìdajì wákàtí nìyẹn, fún ẹni tó bá ní sùúrù.

Lẹ́tà bíi “b” tàbí “k”, báìtì 1 péré ni. Tiwa wúwo díẹ̀: “ẹ́”, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè, lè gba báìtì 5. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn yọ àmì ohùn o, torí gbogbo àmì inú ìròyìn kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, tún lè fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, tí yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Fọ́tò JPEG, irú èyí tí fóònù sábà máa ń yà, ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí sáfà tún fẹ́ rí fún lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ni búráúsà, ìyẹn áàpù tá a fi ń ṣí ìkànnì, máa ń kọ́kọ́ gbà. Inú rẹ̀ ló ti ń rí i pé àwòrán wà, á wá padà lọ bèèrè wọn. Bí ẹni tó ṣe ìkànnì náà kò bá kọ fífẹ̀ àti gíga àwòrán síbẹ̀, búráúsà ò ní fi àyè sílẹ̀ dè é. Ẹni tó ń kàwé ní Ìjẹ̀bú-Igbó á wà láàrin gbólóhùn, fọ́tò á já wọlé, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sísàlẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ìyẹn ń bíni nínú ju kí fọ́tò má dé rárá lọ.

Àwòrán ní iṣẹ́ tirẹ̀ ṣá. Fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ọdún 2024, ìpínrọ̀ wo ló lè rọ́pò rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dín fífẹ̀ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kù sí píksẹ́lì 800 (píksẹ́lì ni àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán), ó lè má ju bíi KB 80 lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 13 tàbí 14 lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wọ́ yìí. Àwọn fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ lè dúró títí òǹkàwé á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó yẹ kí gbólóhùn kan sì wà tí yóò hàn bí fọ́tò kò bá dé: kì í ṣe “fọ́tò 3”, bí kò ṣe ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe.

Ohùn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Bí wọ́n bá fi Opus, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún ohùn pọ̀, ká ọ̀rọ̀ ẹnu ìṣẹ́jú kan ní kílóbíìtì 16 (ìyẹn KB 2) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi KB 120 ni. Yóò máa wọlé yá ju bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, oríkì ìdílé Balógun kan á sì dùn ún gbọ́ láìdúró lójú ọ̀nà. Ní ti fídíò, kó má bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye MB rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí onídátà ní Ṣàgámù lè mọ̀ bóyá òun á wò ó báyìí tàbí ó di òru, nígbà tí èrò bá ti dín lórí òpó.