Ṣé lóòótọ́ ni olórin Mòrókò gbọ́dọ̀ fi èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè lókìkí?

Bí ẹ bá bá àwọn tó fẹ́ràn orin Lárúbáwá jókòó pẹ́, ìbáà jẹ́ ará Káírò, ará Beirut tàbí ará Casablanca pàápàá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti sọ di òfin: ọmọ Mòrókò tó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ orin òun, kó yáa gbé Dàríjà sílé, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin ní ohùn Íjíbítì. Dàríjà ni Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà ní Mòrókò. Wọ́n ní ó yára jù, pé ọ̀rọ̀ Amazigh (èdè àwọn tó ti wà ní Mòrókò kí Lárúbáwá tó dé) àti ti Faransé ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ará ìlú mìíràn kò lè gbọ́ ọ láéláé. Àwọn olórin Mòrókò fúnra wọn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan sì ṣì gbà á gbọ́ títí di bá a ṣe ń sọ yìí.

Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ní ẹlẹ́rìí ni, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú.

Ẹlẹ́rìí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè ni Samira Said. Rabat ni wọ́n bí i sí ní 1958. Ní oṣù Kẹrin 1980, òun ni Mòrókò rán lọ sí Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, nílùú The Hague, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò tíì dé orí pèpéle yẹn rí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kọrin Lárúbáwá níbẹ̀ rí. Ọmọ ọdún 22 ni, orin àlàáfíà ló sì kọ. Orílẹ̀-èdè 19 ló díje, Samira ṣe ipò 18. Máàkì méje péré ló gbà, Ítálì nìkan ló sì fún un ní méjèèje. Bí kì í bá ṣe ti Finland tó gba mẹ́fà, òun ni ì bá gbẹ̀yìn. Mòrókò kò padà lọ síbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Káírò ló gbà lọ. Ó ń kọrin ní ohùn Íjíbítì bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, Baligh Hamdi tó ti ṣe orin fún Umm Kulthum, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin Íjíbítì, ṣe orin fún òun náà, àwo ń tẹ̀lé àwo. Nígbà tó fi máa di 2003, àwo orin rẹ̀ “Youm Wara Youm” ti gba àmì ẹ̀yẹ World Music Award fún un, BBC Radio 3 náà sì fún un ní tiwọn. Àìmọye èèyàn ló gbà títí dòní pé ọmọ Íjíbítì ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Aziza Jalal, ọmọ Meknes, tí Baligh Hamdi kan náà ṣe orin fún. Òun fi orin sílẹ̀ ní 1985 lẹ́yìn tó lọ sílé ọkọ ní Sàúdí, kò sì tún kọrin níwájú èrò mọ́ títí di 2019.

Ẹ̀rí rèé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í dáadáa: kí ni Káírò ní tí Rabat kò ní?

Sinimá ni. Rédíò ni. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn akéwì tó ń gbowó láti kọ ọ̀rọ̀ orin, àwọn onílù àti atafáyólìn tó ń dúró de iṣẹ́ láàárọ̀ lọ́sàn-án. Láti 1953 ni Sawt al-Arab, rédíò tí ìjọba Íjíbítì dá sílẹ̀, ti ń rán ohùn Káírò kiri gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá. Fíìmù Íjíbítì ni wọ́n ń wò ní ilé sinimá ní Casablanca. Nígbà tí Umm Kulthum wá kọrin ní Rabat ní 1968, àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ ti mọ orin náà lórí kó tó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Íjíbítì rí. Ta ló kọ́ wọn? Etí wọn ló kọ́ ọ, láti kékeré, lójoojúmọ́. Kò sí rédíò Mòrókò kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Káírò. Ará Íjíbítì tó bá ní òun kò gbọ́ Dàríjà, òótọ́ ló ń sọ. Pé Dàríjà ló le ni kì í ṣe òótọ́. Kò tíì bá a pàdé ni.

Àtilọ sí Káírò nígbà náà, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá lọ, ibi tí irinṣẹ́ wà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá gba ohùn Íjíbítì mọ́ ọn gbà á nítorí pé àwọn tó ní sitúdíò lòun fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Kódà ẹ wo Abdelwahab Doukkali, ọmọ Fez. Òun náà gbé Káírò fún ìgbà díẹ̀ láàárín 1960 sí 1970. Ó padà sílé, àwọn orin tó sì fi di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀, irú “Marsoul El Hob” àti “Ma Ana Illa Bachar”, Dàríjà ló kọ wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń dárúkọ Samira ṣe máa ń fo tirẹ̀ dá.

Gbogbo ìgbà tí ọ̀nà mìíràn bá ṣí yàtọ̀ sí ti Káírò ni Dàríjà máa ń gba ibẹ̀ jáde. Ní nǹkan bí 1970, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní Hay Mohammadi, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Casablanca, kóra jọ, wọ́n pe ara wọn ní Nass El Ghiwane. Orin tálákà ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú bánjò, pẹ̀lú ìlù awọ bendir, pẹ̀lú guembri, irú gìtá olókùn mẹ́ta tí àwọn Gnawa (a ó dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́) ń ta. Kò sí ẹyọ ohùn Íjíbítì kan nínú rẹ̀. Àwọn ará Mòrókò àti Algeria tó ń ṣiṣẹ́ ní Fáránsé ló ń ra àwo wọn, tí wọ́n ń kún gbọ̀ngàn fún wọn. Ahmed El Maanouni ya fíìmù nípa wọn ní 1981. Martin Scorsese, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe fíìmù, ṣèèṣì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nílùú New York, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ó mú orin wọn sínú fíìmù tirẹ̀ ní 1988. Nígbà tó dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2007 láti máa tún àwọn fíìmù àtijọ́ ṣe, fíìmù Nass El Ghiwane ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Bí Scorsese bá gbọ́ Dàríjà, mi ò mọ irú etí tó fi gbọ́ ọ.

Ti Najat Aatabou tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Khemisset ló ti wá, orin chaabi tí wọ́n ń jó níbi ìgbéyàwó ló ń kọ, kásẹ́ẹ̀tì ló sì gbé e káàkiri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nínú irú orin yìí, atafáyólìn kì í ki fáyólìn sábẹ́ àgbọ̀n. Orí itan ló ń gbé e dúró sí, tí yóò máa fi ọ̀pá fà á látìhín látọ̀hún, ohùn náà á sì máa há díẹ̀. Ní 2005, àwọn Chemical Brothers, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, gé ibi tí fáyólìn ti ń dún nínú orin rẹ̀ “Hadi Kedba Bayna”, wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin tiwọn, “Galvanize”. Ẹ gbé e sétí, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ Khemisset. Orin yẹn gba Grammy ní 2006. Àwọn tó ń jó o ní London kò mọ orúkọ ìyá náà, ìyẹn sì dùn mí. Ẹ má pe ìyẹn ní ẹ̀bi èdè.

Àwọn Gnawa gan-an, tí ilẹ̀ wa kò jìnnà sí orírun wọn, ń bá tiwọn lọ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú la Sàhárà kọjá ni wọ́n, Bambara wà nínú wọn, Fúlàní wà, Haúsá náà wà. Ọ̀gá Mahmoud Guinia jókòó pẹ̀lú Pharoah Sanders, afunfèrè ará Amẹ́ríkà, ní Essaouira, wọ́n sì gbé àwo kan jáde ní 1994. Hassan Hakmoun, ọmọ Marrakesh, ti kó lọ sí New York láti 1987, guembri rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2019, UNESCO fi orin Gnawa sínú àwọn ohun ìní àṣà aráyé.

Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó sì ba òfin wọn jẹ́ pátápátá. Samira Said fúnra rẹ̀ padà sí Dàríjà ní 2013 pẹ̀lú “Mazal”. Ní 2015, Saad Lamjarred gbé “Lm3allem” sórí YouTube, Dàríjà látòkè délẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Dubai, wọ́n ń kọ ọ́ ní Káírò pàápàá, iye ìgbà tí wọ́n sì ti wò ó ti kọjá bílíọ̀nù kan. (Ẹni tó bá ń dárúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi èyí tó kù pamọ́: ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá a lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ ní 2023, ó sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.) Ní 2021, nígbà tí “Love Nwantiti” CKay ń jà ràn-ìn káàkiri ayé, ElGrande Toto, ọmọ Casablanca, ni wọ́n pè wá sí ẹ̀dà ti Àríwá Áfíríkà. Dàríjà ló fi dáhùn ọmọ Nàìjíríà náà, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ohùn Íjíbítì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí kò ní kí àwọn tó ń kọ ohùn àwọn ẹlòmíràn dẹ́kun. Asma Lmnawar ń kọ orin àwọn ará Saudi àti Kuwait, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ lowó àti ilé iṣẹ́ orin wà báyìí. Hindi Zahra, tí wọ́n bí ní Khouribga, Gẹ̀ẹ́sì àti Amazigh ló fi kọ àwo “Handmade”, àwọn Faransé sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Victoires de la Musique ní 2011. Loreen, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Amazigh láti Mòrókò, Sweden ni wọ́n ti bí i, Sweden ló sì gba Eurovision fún lẹ́ẹ̀mejì, ní 2012 àti 2023, lórí pèpéle kan náà tí Samira ti gba máàkì méje. Bóyá ẹ pè é ní olórin Mòrókò tàbí ẹ kò pè é bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí sitúdíò rẹ̀ wà.

Ẹni tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn jù kì í tilẹ̀ ṣe ẹni tí ayé mọ̀ fún orin kíkọ. Nadir Khayat, tí wọ́n ń pè ní RedOne, ọmọ Tétouan, kúrò nílé lọ sí Sweden lọ́mọ ọdún 19, níbi tí wọ́n ti ń ṣe orin tà fún gbogbo ayé. Láti ibẹ̀ ló ti dé Amẹ́ríkà, ó ṣe “Just Dance” àti “Poker Face” pẹ̀lú Lady Gaga ní 2008, Grammy sì wọlé ní 2010. Òun ló ṣe “C'est la vie” fún Khaled, ọmọ Oran ní Algeria, tí àwọn kan máa ń pè ní ará Mòrókò torí pé ìjọba ibẹ̀ fún un ní ìwé ọmọ onílùú ní 2013. Nígbà tí FIFA sì fẹ́ orin fún ìdíje Qatar ní 2022, RedOne ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. “Hayya Hayya” ni àkọ́kọ́ tó gbé jáde, ohùn Davido wà nínú rẹ̀, ọmọ Adélékè ti Ẹdẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, kí Argentina àti Fáránsé tó wọ pápá, Davido kọ ọ́ ní Lusail.