Bí Ilé-Ìwé Ṣe Ń Ṣètò Ọ̀sẹ̀ Iṣẹ́-Ọnà Onírúurú Àṣà

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́-ọnà ní ilé-ìwé jẹ́ ọjọ́ márùn-ún tí a ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ tì sí apá kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wo eré orí ìtàgé, kí wọ́n jó, kí wọ́n lu ìlù, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà àwọn oníṣẹ́-ọnà tí àṣà wọn yàtọ̀ síra. Aṣọ aláràbarà àti àtẹ́wọ́ ni òǹwòran ń rí, ṣùgbọ́n ètò àkókò ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ètò àkókò yìí kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó bí a ti lè rò. Ohun-èlò iṣẹ́ gan-an ló ń pàṣẹ: èyí tó gbọ́dọ̀ gbẹ, èyí tó ń pariwo, èyí tó ń gba àyè.

Bàtíìkì ilẹ̀ Indonésíà, tí àjọ UNESCO fi sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní ọdún 2009, fi èyí hàn kedere. Oníṣẹ́ á yọ́ ìda lórí iná, á bù ú sínú ohun-èlò kékeré kan tó ní ẹnu ṣóńṣó, tí wọ́n ń pè ní canting, á sì fi ya àwòrán sára aṣọ funfun. Ibi tí ìda bá wà, aró kò ní lè mú un. Lẹ́yìn tí aró bá ti mú ìyókù, a ó ki aṣọ náà bọ omi gbígbóná kí ìda lè yọ́ kúrò, àwòrán á sì jáde ní funfun. Kò sí bí irú iṣẹ́ yìí ṣe lè parí láàárín wákàtí kan. Ètò tó dára yóò fi ìda sí ọjọ́ Ajé, aró sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò fi Ọjọ́rú sílẹ̀ fún gbígbẹ, yóò sì yọ ìda ní Ọjọ́bọ̀. Ilé-ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yóò kàn fi aṣọ tútù tí ìda ṣì lẹ̀ mọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ni. Ìbòjú tí a fi bébà àti àtè mọ náà ń fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí a tó kùn ún. Ní ti orígámì ilẹ̀ Jàpáánù, ìyẹn iṣẹ́-ọnà bébà kíká, bébà nìkan ló ń fẹ́. Ibikíbi ló lè bọ́ sí, ó sì ṣeé fi dí àlàfo bí àlejò kan bá pẹ́ dé.

Ariwo àti àyè tún ń béèrè tiwọn. Àwọn páànù onírin ilẹ̀ Trinidad, ohun-èlò orin tí a máa ń fi àgbá epo rọ, kì í dákẹ́ sínú yàrá kan, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n wà nítòsí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe ìdánwò. Capoeira ilẹ̀ Bùràsílì, tó pa ijó, ìjà àti orin pọ̀, ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn pagbo, kí ohun-èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní berimbau sì máa darí eré; ẹni tó bá fi í sí kíláàsì tí àga kún kò mọ ohun tó ń ṣe. Gbọ̀ngán ńlá kan ṣoṣo ni ilé-ìwé púpọ̀ ní, àwọn eléré orí ìtàgé, àwọn oníjó àti àwọn tó ń jẹun ọ̀sán sì ń dù ú. Gbọ̀ngán ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pín, kí a tó pín ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 240, tí a pín wọn sí ẹgbẹ́ 8, ọmọ 30 ló máa wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ 4, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ìjókòó 32 la nílò. Oníṣẹ́-ọnà 4 tí kálukú wọn ń gba ẹgbẹ́ 4 lóòjọ́ yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tí kò kàn ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Ó rọrùn lórí bébà. Ohun tí ń dà á rú ni àárín ìjókòó méjì: fífọ búrọ́ọ̀ṣì, wíwọ bàtà, lílọ sí ilé ìtura. Bí a kò bá ya ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún èyí, ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ni yóò jìyà rẹ̀. Bàtíìkì kò tilẹ̀ lè wọ inú irú àyípo yìí. Kíláàsì kan ni a sábà máa ń fi í fún ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Eré orí ìtàgé máa ń dára jù bí ó bá ṣáájú ìkọ́ṣẹ́ tó bá a tan. Ọmọ tó ti rí ìlù lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n onílù lánàá ti mọ ohun tó fẹ́ béèrè lónìí. Àwọn eléré gbọ́dọ̀ tètè dé láti yẹ iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò. Ó sì yẹ kí ìṣeré kan wà tí iná kò ti ní kú pátápátá, tí ariwo kò ti ní pọ̀ jù, tí ọmọ sì lè jáde kó padà wọlé, nítorí àwọn tí òkùnkùn àti ariwo òjijì máa ń dà láàmú.

Yíyan àṣà ni ibi tí ètò ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó. Àsíá orílẹ̀-èdè mẹ́wàá àti aṣọ àyálò kì í ṣe ẹ̀kọ́. Àṣà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá kọ́ fúnra rẹ̀ sàn jù, òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì lè jẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ láìsí pé ilé-ìwé mọ̀. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń sọ di eré ọwọ́ ọmọdé: àwòrán oníyanrìn àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà jẹ́ ara ètùtù ìwòsàn, wọ́n sì máa ń pa á rẹ́ bí ètùtù náà bá parí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni àṣà ni ó yẹ kí a ti béèrè.

Ilé-ìwé tó bá ń wá déètì lè wo ọ̀sẹ̀ kẹrin oṣù Karùn-ún, tí UNESCO yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2011 fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà, tàbí ọjọ́ 21 oṣù kan náà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sọrí onírúurú àṣà. Níbi tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí ní oṣù Kẹfà, àkókò náà ti súnmọ́ ìdánwò jù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn òbí á wá wo ohun tí a ṣe. Iṣẹ́ tí kò lórúkọ kì í rí ẹni gbà á, nítorí náà yíǹkì tí omi kò lè fọ̀ ni a fi ń kọ orúkọ ọmọ sí etí aṣọ ní ọjọ́ Ajé, kí ìda tó kàn án.