Ọ̀dà Nìkan Ni Wọ́n Bẹ̀ Ẹ́ Fún

Ẹnì kẹta rèé lóṣù yìí. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ nínú páálí ńlá wọ yàrá iṣẹ́ mi ní Peckham ní London, níbi tí mo ti ń ya bí ẹ̀rọ ṣe máa rí, wọ́n á jókòó, wọ́n á nu òógùn ojú, wọ́n á wá ní, "Gbogbo ẹ̀ ti parí o. Ẹ ṣáà bá wa ṣe é kó rẹwà díẹ̀." Ó ti parí! Ẹni tó ti rán aṣọ tán ló wá ń pe télọ̀ pé kó wá wọn òun.

Àgbàlagbà ni ẹnì kẹta yìí, ẹni ọ̀wọ̀ ni nínú ìjọ wa, mi ò sì lè dá wọn lóhùn bó ṣe wà nínú mi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ mu omi. Ibi tí wọ́n ti ń mu omi ni wọ́n ti rí àwòrán ọkọ̀ ojú irin tí mo gbé kọ́ ara ògiri, ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò tí iwájú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń fi ọkọ̀ ojú irin ṣe nínú ọ́fíìsì. Mo ní imú ọkọ̀ yẹn wà lára iṣẹ́ tó sọ Kenneth Grange, dìsáínà ará Gẹ̀ẹ́sì, di Sir nínú oyè Ọdún Tuntun 2013. Wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Nítorí imú ọkọ̀? Ìyá Ìbejì, èló ni Sir Grange yẹn san?"

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ oyè kọ́ ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Wọn kì í pe èèyàn ní Sir Grange. Orúkọ àbísọ ló ń tẹ̀ lé Sir: Sir Kenneth, tàbí Sir Kenneth Grange lódindi. Kò sì sanwó. Láti 1925 ni òfin ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó bá ta oyè ọba àti ẹni tó bá rà á, ọ̀daràn làwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́ gbọ̀ngàn fún ìlú kì í pẹ́ gbọ́ pé Kábíyèsí ń pè é láàfin, n kò sì sọ pé èyí burú. Níbí, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé láti dárúkọ ẹlòmíràn, ìgbìmọ̀ ni yóò sì jókòó yẹ orúkọ náà wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹni náà á kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan níwájú ọba tàbí ẹni tó ṣojú ọba, wọ́n á fi idà kàn án léjìká ọ̀tún, wọ́n á fi kàn án ní tòsì. Ó tán. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ìrùkẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò sì ní jogún un.

Ẹni ọdún 83 ni Grange nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde. Ó ti gba CBE, oyè ọba tó rẹlẹ̀ sí Sir, láti 1984. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1969 ló ń wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀: Royal Designer for Industry, oyè àwọn dìsáínà tí ẹgbẹ́ Royal Society of Arts dá sílẹ̀ ní 1936. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ló ń mọ ẹni tó mọṣẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé àwọn mọ Jonathan Ive, ẹni tó darí dìsáìnì iPhone, tó gba oyè Sir tirẹ̀ ní 2012, tàbí James Dyson onífákúùmù, tó gbà á ní 2007. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi Kenwood po kéèkì rí, tàbí tó ti fi áyọ́ọ̀nù Morphy Richards lọ agbádá, tàbí tó ti wọ takisí dúdú London tí wọ́n ń pè ní TX1, ó ṣeé ṣe kó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ Grange láìmọ̀. Mítà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì London ní 1958 láti máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́kọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kámẹ́rà Kodak, bíírò Parker, abẹ ìfárùngbọ̀n. Ọmọ ọlọ́pàá ni, ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní Willesden ló ti kọ́ṣẹ́. Ó kú ní oṣù Keje 2024, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó pé ẹni ọdún 95.

Wàyí o, imú ọkọ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ọkọ̀ tó máa sáré dé máìlì 125 ní wákàtí kan, àwọn ẹnjiníà wọn ti ya gbogbo ẹ̀ tán. Wọ́n wá pe Grange pé kó wá bá àwọn yan ọ̀dà àti ìlà tí wọ́n máa kùn sára rẹ̀. Ọ̀dà nìkan ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún o. Ọkùnrin yìí wo iwájú ọkọ̀ náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò bá wọn jiyàn. Ó gbé àwòṣe kékeré lọ sí yunifásítì Imperial College ní London, níbi tí wọ́n ti ní yàrá gbọọrọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn lu nǹkan, ó ń lọ síbẹ̀ lóru, ó ń gé e, ó ń tún un mọ, ó ń wo bí atẹ́gùn ṣe ń gba ara rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tó gbé ọ̀dà tí wọ́n ní kó mú wá dé, ó tún gbé imú tuntun lé orí tábìlì. Ó bi wọ́n pé kí ni àwọn irin roboto méjì tó ń yọ níwájú ọkọ̀, èyí tí ọkọ̀ kan fi ń ti èkejì, ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọn ò nílò wọn níwájú ọkọ̀ yìí. Wọ́n yọ wọ́n kúrò.

Ní 1976 ni ọkọ̀ náà, tí wọ́n pè ní InterCity 125, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti London lọ sí Bristol àti gúúsù Wales, ó sì lé ní ogójì ọdún tó fi ṣiṣẹ́ lójú irin ńláńlá. Ní 2016 wọ́n kọ orúkọ Sir Kenneth sára ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ̀ yẹn gan-an ló wà ní mùsíọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú irin ní York báyìí. Mo ti lọ fọwọ́ pa imú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ wò mí títí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe irú ẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Kodak náà nìyẹn: àtẹ ọjà wọn ló ń bá wọn ṣètò fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Brussels ní 1958, ẹnu rẹ̀ já bọ́ pé àtẹ náà ì bá dùn ún wò jù báyìí lọ ká ní kámẹ́rà orí rẹ̀ ò burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè é padà pé kó wá ṣe èyí tó rẹwà. Bí èmi bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà, wọ́n á ní Ìyá Ìbejì ti ń gbéra ga.

Ti míkísà Kenwood Chef tó jáde ní 1960 ló dùn mọ́ mi jù. (Kenneth kan ló dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Kenneth mìíràn ló wá tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe.) Àkókò tí wọ́n fún un kéré, kò lè parí àwòṣe rẹ̀. Ó bá ṣe ìlàjì péré, ó gbé e ti dígí, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ wo inú dígí, wọ́n rí ẹ̀rọ odindi.

Mo sọ èyí fún Dádì, àgbàlagbà tó gbé páálí wá yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ o. Ẹni tó lè fi ìlàjì hàn yín ti mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe máa pín sí méjì nínú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tí wọ́n ń ti ike sí kó lè gba ìrísí rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹjọ́ mi wà.

Ẹ fojú inú wo mọ́ínmọ́ín. Ẹ se ọ̀kan nínú agolo mílíìkì, ẹ se èkejì nínú abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ. Ti abọ́, ẹ ó dojú ẹ̀ dé, á yọ gẹ̀rẹ̀. Ti agolo ńkọ́? Ẹ ó gbá ìdí ẹ̀, ẹ ó fi ọ̀bẹ rin etí ẹ̀ po, nígbà mìíràn ẹ ó lu ìdí agolo jò kí atẹ́gùn lè wọlé. Bẹ́ẹ̀, mọ́ínmọ́ín rọ̀. Ike kò rọ̀. Gbígbóná ni wọ́n ń fi agbára ti ike sínú mọ́ọ̀dù irin. Bó bá ṣe ń tutù ló ń sún kì, ó ń fún mọ́ irin tó wà láàárín rẹ̀ bí òrùka tó há sí ìka tó wú. Bí ògiri mọ́ọ̀dù bá dúró ṣánṣán, kò ní jáde, bó bá sì jáde, ara rẹ̀ á ti bó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí ògiri náà dagun díẹ̀, dígírì kan, dígírì méjì. Ojú yín ò ní rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ara ike náà ní ọnà wínniwínni bí awọ, á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò tíì parí. Sísanra ògiri ike gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ibi tó bá nípọn jù á pẹ́ kó tó tutù, á máa fa ara rẹ̀ wọnú, ojú rẹ̀ á jin bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká. Ẹni tó bá fẹ́ kó le kò gbọdọ̀ mú un nípọn. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ni ká fi gbé abẹ́ rẹ̀ ró. Igun tó mú ṣáṣá, ẹ jẹ́ kó rí rogodo. Igun ṣáṣá ni ike ti máa ń là. Ẹ yí fọ́ọ̀nù yín padà kí ẹ wo etí rẹ̀. Ẹnì kan jókòó ronú sí etí rogodo yẹn fún oṣù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá bá mi yìí, ẹ̀rọ ìgúnyán fún ilé ni. Ọmọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní dìsáínà nítorí pé ó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ike ló ya á fún wọn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń to ike jọ ní ìpele-ìpele, kò nílò mọ́ọ̀dù, nítorí náà ògiri ṣánṣán ò dí i lọ́wọ́. Ó tẹ ọ̀kan jáde, ó dán gbinrin, wọ́n yọ̀. Wọ́n gbé yíyà náà lọ sí ilé iṣẹ́ kan nílé, wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́ùn fún mọ́ọ̀dù irin. Mọ́ọ̀dù délẹ̀, ike wọlé, ike kọ̀, kò jáde.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ní ó fà á? Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní àwọn tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà gòkè ló di ike mú. Dádì gbààwẹ̀ ọjọ́ méje ní London. Àbúrò wọn gbé òróró tí wọ́n gbàdúrà sí lọ sí ilé iṣẹ́, ó dà á sínú mọ́ọ̀dù, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jáde! Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkẹrin há.

Òróró ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ilé iṣẹ́ ike ló ní irú ohun tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fín sí mọ́ọ̀dù, bí ẹ ṣe ń fi epo pa abọ́ mọ́ínmọ́ín. Bó bá gbẹ, ó gbẹ. Ẹ má bínú sí mi, èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n dígírì méjì ni àjẹ́ tó wà nínú mọ́ọ̀dù yẹn.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò bá rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìdérí ọ̀kan nínú mẹ́ta tó jáde, mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná, mo tẹ swíìṣì. Abẹ yí. Ìdérí wà lọ́wọ́ òsì mi, abẹ ń yí fìrìfìrì nínú abọ́. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ ìdérí tó máa sọ fún ẹ̀rọ pé ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Mo pa á. Ara mi ń gbọ̀n.

Ìka tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òsì mi kò pé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní Ìbàdàn, mo ń dúró de ata ìyá mi lọ́dọ̀ alọta kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ládùúgbò. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà wà níta gbangba bó ṣe máa ń wà níbi gbogbo, mo na ọwọ́ láti mú ìdérí korobá tó já bọ́. Alọta náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó sunkún jù mí lọ. Wọ́n ní wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó bọ ẹ̀rọ náà ní ajá, kò bọ ọ́, òun ló fà á. Ó ra ajá. Kò sẹ́ni tó ronú pé kí wọ́n fi páànù bo bẹ́líìtì. Páànù kan ṣoṣo, ìṣó mẹ́rin.

Mo na ọwọ́ náà sí Dádì. Láti ọdún mọ́kànlá tí a ti jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ṣàkíyèsí i rí. Wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé èló ni mo máa gbà bí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé òfìfo: ọwọ́ ẹni tó máa lò ó, ìdérí, swíìṣì, ògiri, gbogbo ẹ̀. Mo sọ iye rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á lọ rò ó. Wọ́n fi páálí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo gé orí wáyà rẹ̀ kí àwọn ìbejì má baà ki í bọ iná.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohùn wọn balẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n kí àwọn ọmọ. "Ìyá Ìbejì, mo ti rò ó dáadáa. Pupa ni àbí búlúù tó dà bíi ti ọkọ̀ ojú irin yẹn?"