Kí ló kan ìjọba nínú owó dísù apẹja? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ìjọba Amẹ́ríkà ń fipá gba àkọsílẹ̀ owó lọ́wọ́ àwọn apẹja, àti pé ẹni tó bá kọ̀, wọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Àwọn kan ti ń bèèrè bóyá owó-orí tuntun ló dé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, fún àwọn kan. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: láti ọdún 2011 ló ti wà.

Àwọn wo ló kàn?

Kì í ṣe gbogbo apẹja Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọ́ àwọ̀n ńlá láti kó ẹja ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun ìwọ̀-oòrùn ni, ìyẹn ìpínlẹ̀ Washington, Oregon àti California. Ẹni tó ni ọkọ̀, ẹni tó yá ọkọ̀ lò, àwọn ọkọ̀ ràgàjì tó ń di ẹja sí páálí lójú agbami, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹja ní èbúté bíi Astoria àti Newport, fọ́ọ̀mù kálukú wà lọ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀ kò ní fọ́ọ̀mù tí yóò kọ. Ẹni tó bá sì ń fi ìwọ̀ pa ẹja ọbẹ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ta ló ń gba fọ́ọ̀mù náà?

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ibùdó ìwádìí ẹja ti NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òkun àti ojú ọjọ́, ní Seattle.

Kí ni wọ́n ń bèèrè gan-an?

Ìnáwó. Iye gálọ́ọ̀nù dísù àti iye tí wọ́n rà á. Yìnyín. Oúnjẹ inú ọkọ̀. Àwọ̀n àti okùn irin. Owó adójútòfò. Iye tí wọ́n ná nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ gorí ilẹ̀ láti ha á, kí wọ́n tún un kùn lọ́dà. Owó olùwòye tó ń bá ọkọ̀ lọ sójú omi láti ka ẹja, nítorí ọlọ́kọ̀ ló ń san án. Owó tó kan ọ̀gá atukọ̀, èyí tó kan àwọn ọmọ iṣẹ́, àti owó tí wọ́n fi yá kóòtà ẹja, ìyẹn ìpín ẹja tí wọ́n gbà kálukú láyè láti pa, lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n tún ń bèèrè iye tí ọkọ̀ náà máa mú wá bí wọ́n bá tà á lónìí. Mi ò tíì rí ọlọ́kọ̀ tó ń bu owó kékeré lé ọkọ̀ ara rẹ̀.

Ṣé ìjọba ò ti mọ iye tí wọ́n ń pa ni?

Ó mọ iye tó ń wọlé. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá já ẹja sílẹ̀, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì tó ń sọ irú ẹja, bó ṣe wúwo tó àti iye tí wọ́n tà á, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń gba ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí rìsíìtì náà kò lè sọ ni iye tó jáde. Ọkọ̀ méjì lè ta ẹja 500,000 dọ́là lọ́dún kan náà, kí ọ̀kan jèrè, kí èkejì jẹ gbèsè. Nínú rìsíìtì, Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Bí òfin tuntun bá wá dé tó fi owó kún ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn yóò kú, kò sì sí ẹni tó máa mọ èwo.

Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi èrè ọlọ́kọ̀ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 2000, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àjálù ti bá iṣẹ́ ẹja ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun yẹn. Ọkọ̀ ti pọ̀ jù, ẹja ti ń tán. Ní 2003, wọ́n ra ọkọ̀ 91 kúrò lójú iṣẹ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 46 dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà sì jẹ́ ẹ̀yáwó tí àwọn apẹja tó ṣẹ́ kù yóò máa san padà. Nígbà tó di 2011, wọ́n pín ẹja náà fún àwọn tó ni láísẹ́ǹsì: kálukú gba ìpín tirẹ̀, ó lè pa á, ó lè tà á, ó lè fi yá ẹlòmíràn.

Òfin wá ní irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méje-méje. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìmọ ẹni tó ń jèrè? Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù náà fi bá ètò ìpín yìí dé lọ́dún kan náà. Wọ́n tiẹ̀ bèèrè ìnáwó 2009 àti 2010, kí wọ́n lè mọ bí nǹkan ṣe rí kí wọ́n tó pín ẹja.

Àwọn ẹja kan ti bọ̀ sípò. Wọ́n kéde pé irú ẹja kan tí wọ́n ń pè ní canary rockfish ti bọ̀ sípò ní 2015, irú mìíràn, bocaccio, tẹ̀ lé e ní 2017. Bóyá àwọn èèyàn náà bọ̀ sípò, àwọ̀n ìwádìí kò lè kó ìyẹn wá láti inú omi.

Kí ló dé tí wọ́n ń yọjú sí owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́?

Nítorí pé lọ́pọ̀ ọkọ̀, owó oṣù kò sí. Ìpín ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ká ní ọkọ̀ kan ta ẹja 50,000 dọ́là. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ dísù, ká pè é ní 10,000; wọ́n á yọ oúnjẹ, yìnyín àti owó olùwòye, ká pè é ní 4,000. Ó ku 36,000. Bí àdéhùn bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ọkọ̀ gba 18,000, àwọn tó ṣiṣẹ́ pín 18,000, ọ̀gá atukọ̀ a sì gbà ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó ẹja ní etíkun tiwa, níbi tí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n ti ń gba ìpín bí èèyàn, èyí kò ní ṣàjèjì sí i.

Wàyí o, kí dísù di ìlọ́po méjì. Ohun tó kù láti pín di 26,000, àwọn òṣìṣẹ́ di 13,000. Dọ́là 10,000 tí dísù fi lé, àwọn òṣìṣẹ́ ló san ìdajì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọlọ́kọ̀ ló wà lórí rìsíìtì epo. Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn tún ń yọ owó kóòtà tí wọ́n yá kí wọ́n tó pín. Ìjà ńlá wà níbẹ̀, torí ọmọ iṣẹ́ gbà pé òun ò bá ọ̀gá yá nǹkan kan. Láìsí fọ́ọ̀mù, ariwo ẹnu lásán ni ìjà náà. Bó bá wà, èèyàn lè wo ìpín òṣìṣẹ́ láti ọdún dé ọdún, kó rí i bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀.

Ọkọ̀ kan náà ń pa alákàn lóṣù kan, ó ń pa ẹja lóṣù mìíràn. Adójútòfò ọdún kan ńkọ́?

Ọlọ́kọ̀ yóò kọ ọ́ lódindi. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ló máa pín in sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, irú bíi nípa iye ọjọ́ tí ọkọ̀ lò lójú omi. Kò péye tán, àmọ́ ó sàn ju kí ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan máa pín in bó ṣe wù ú.

Ṣé owó-orí ni?

Rárá. Owó kan wà tí wọ́n ń yọ lára ẹja tí wọ́n bá tà láti fi bójú tó ètò ìpín náà, òfin sì ní kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ ńkọ́?

Kò sí ọlọ́pàá tó máa wá kanlẹ̀kùn nítorí pé fọ́ọ̀mù pẹ́. Wọn kàn ò ní gba ìwé rẹ̀ wọlé nígbà tó bá fẹ́ tún láísẹ́ǹsì ṣe. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé, èbúté ló máa gbé.

Ṣé alábàádíje mi kò ní rí àṣírí mi?

Òfin ẹja àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Magnuson-Stevens, dáàbò bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin yọ̀ǹda fún nìkan ló lè rí i, àfi bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ohun tí aráyé máa rí ni àròpọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ méjì ni wọ́n, ọ̀kan kàn máa yọ iye tirẹ̀ kúrò ni, ti èkejì á sì hàn kedere.

Àmọ́ ààbò yìí ní ẹ̀gún. Èbúté kékeré tó ku ilé-iṣẹ́ méjì péré tó ń ra ẹja, iye rẹ̀ kì í jáde nínú tábìlì. Àwọn tí nǹkan le fún jù ni wọn ò rí níbẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù nìyẹn, ju kí ẹnì kan ka iye tẹ́ ẹ fi ra ìrẹsì ọkọ̀ lọ.

Ṣé èyí á mú pánla wọ́n?

Rárá. Lóòótọ́, ìbátan pánla ni ẹja whiting tí wọ́n ń kó ní etíkun yẹn. Ohun tó ń mú pánla wọ́n ní Mushin ni iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, owó ọkọ̀ àti iná tí wọ́n fi ń mú un dì. Fọ́ọ̀mù ò mọ ọ̀nà Mushin.

Èmi ni mò ń bá ọlọ́kọ̀ kan tọ́jú ìwé níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ya rìsíìtì dísù sọ́tọ̀ láti oṣù Kìíní, ẹ kọ gálọ́ọ̀nù sí i, kì í ṣe owó nìkan. Bí ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ bèèrè lọ́wọ́ akáùǹtáǹtì bóyá ọdún kan ló fi yọ owó rẹ̀ tàbí ó pín in sí ọdún púpọ̀, torí ibi méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kọ wọ́n sí. Ibi tí ẹ kò ná kọ́bọ̀, ẹ kọ òdo. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lófìfo, wọn ò ní mọ̀ bóyá ẹ ò ná an ni tàbí ẹ gbàgbé, wọ́n á sì pè yín. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni gbèdéke fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá.