Ìpele ilẹ̀: bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ọ̀nà àtijọ́

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn mẹ́ta la máa ń gùn ká tó wọ inú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Lónìí, ńṣe là ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù ò rì o, ọ̀nà ló ga. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá tún títì náà ṣe, wọn kì í hú ti àtijọ́ kúrò. Wọ́n á kàn da yangí àti ọ̀dà lé e lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ìpele ilẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì tú ilẹ̀ náà, ìpele ìsàlẹ̀ ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú tòkè. Nítorí náà, awalẹ̀pìtàn tó bá fẹ́ mọ ìtàn ọ̀nà kan kì í gbẹ́ ẹ ní gígùn. Yàrà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa là dábùú rẹ̀, láti gọ́tà ọ̀tún dé gọ́tà òsì, á wá fi tírówẹ̀lì bíi ti bíríkìlà ha ara yàrà náà títí àwọ̀ ilẹ̀ á fi yàtọ̀ síra lójú rẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ orí. Ká ní kọ́bọ̀ kan jáde lábẹ́ òkúta ọ̀nà, kọ́bọ̀ ayé náírà ni mò ń sọ, kì í ṣe ti ayé pọ́n-ùn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tẹ́ òkúta yẹn ṣáájú 1973, torí ọdún yẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀. Kódà bí tọ́rọ́ ayé òyìnbó mẹ́wàá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n máa gbà. Àbíkẹ́yìn ló ń pinnu. Àmọ́ “kò ṣáájú” nìkan ló sọ. Owó lè ti lo ogún ọdún nínú kóló kó tó bọ́ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbé.

Nínú oko Thomas Jefferson, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ní Monticello, ìpínlẹ̀ Virginia lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan wà tó ń jẹ́ Mulberry Row, nítorí igi múlíbẹ́rì tí wọ́n gbìn sí i. Ó gùn ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilé àwọn ẹrú wà, àti àgbẹ̀dẹ ìṣó tí Jefferson dá sílẹ̀ ní 1794, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ẹrú, ọmọ ọdún 10 sí 16, ti ń lu irin. Lẹ́yìn tí Jefferson kú ní 1826, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé náà pa rẹ́. Ìwé tó kọ ní 1796 fún ilé iṣẹ́ adójútòfò to àwọn ilé náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì wúlò nígbà tí awalẹ̀pìtàn William Kelso gbẹ́ ibẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló mú òrùka tí wọ́n fi ìwo ẹran ṣe jáde, owó fàdákà tí wọ́n lu ihò sí, àti owó ẹyọ kan. Owó ẹyọ ní Virginia! Ẹ má tíì pariwo pé Yorùbá ló sọ ọ́ nù o: àìmọye ẹ̀yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ná an.

Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ìkòkò tábà alámọ̀ tó ti kán. Ní 1954, awalẹ̀pìtàn J. C. Harrington fi hàn pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ihò ọ̀pá náà ń tín-ín-rín sí i. Irin tí wọ́n fi ń lu ihò sára igi ló kì bọ̀ ọ́ láti fi wọ̀n ọ́n: ní nǹkan bí 1600, ìdá 9 nínú 64 ínǹṣì kan, lẹ́yìn 1750, ìdá 4 nínú 64.

Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú nǹkan. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ń lọ̀ ọ́, òjò ń gbá a, àwọn tó ń tún un ṣe sì ń ha á. Gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ, ibẹ̀ náà ló sì ń sùn sí bí kò bá sẹ́ni tó kó o. Torí náà, bí ọjọ́ iṣẹ́ bá kù díẹ̀, tí òjò sì ṣú, gọ́tà ni kí wọ́n sáré gbẹ́.