Ẹlẹ́rìí onímọ̀ DNA lọ́dọ̀ olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn

Ẹlẹ́rìí onímọ̀ DNA lọ́dọ̀ olùjẹ́jọ́ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí lọ́yà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn máa ń pè wá sí kóòtù, kó lè tú àyẹ̀wò DNA tí ìjọba gbé kalẹ̀ wò tàbí kó gbé tiẹ̀ wá. Nínú ìwé kóòtù Nàìjíríà, PW ni wọ́n máa ń kọ sí ẹlẹ́rìí ìjọba, DW sì ni ti olùjẹ́jọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, téèyàn bá dárúkọ DNA, ọ̀rọ̀ ta ló lọmọ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, torí ibẹ̀ lètò rédíò ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ ti ìpànìyàn yàtọ̀ gan-an ni. Ní ti ọmọ, bàbá, ìyá àti ọmọ wà láàyè, wọ́n á jókòó, wọ́n á gba itọ́ ẹnu wọn. Ní ti ìpànìyàn, àbàwọ́n tó ti gbẹ sára ògiri tàbí sára àdá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kò sì sẹ́ni tó mọ iye ọwọ́ tó ti kàn án.

Bí àyẹ̀wò náà ṣe rí

DNA ni ohun àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn: ìdajì rẹ̀ wá látọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì látọ̀dọ̀ ìyá. Èèyàn méjì tí kò bára wọn tan rárá ṣì jọra ní nǹkan bíi 99.9% nínú DNA wọn, torí náà ibi táwọn èèyàn ti yàtọ̀ síra nìkan làwọn láàbù máa ń wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní STR, ibi tí lẹ́tà díẹ̀ nínú DNA ti ń tún ara wọn kọ léraléra bí onílù tó ń tún ohùn kan ṣoṣo lù: ẹnì kan lè tún un lù ní 12 látọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, kó jẹ́ 15 látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ibi 13 ni Amẹ́ríkà ń wò láti ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n sọ ọ́ di 20 ní 2017. PCR, ọgbọ́n tí Kary Mullis dá ní 1983 láti máa ṣe ẹ̀dà DNA léraléra, ló ń jẹ́ kí ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tí ojú ò lè rí tó fún àyẹ̀wò. Ọgbọ́n yẹn náà ló sì dá wàhálà sílẹ̀, torí ohun tó lè rí ẹ̀jẹ̀ kékeré yóò rí itọ́ ẹni tó sín síbẹ̀ lánàá náà.

Ìtàn rẹ̀

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni DNA kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, kó tó di pé ó mú ẹnikẹ́ni. Lóṣù September 1984 ni Alec Jeffreys ti Yunifásítì Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé DNA lè fi ẹnì kan hàn yàtọ̀ sí ẹlòmíì. Lágbègbè ibẹ̀, wọ́n pa ọmọbìnrin kan ní 1983, wọ́n tún pa òmíì ní 1986, ọmọkùnrin ọdún 17 kan sì jẹ́wọ́ fáwọn ọlọ́pàá pé òun lòun pa ìkejì. Jeffreys yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì, kì í sì í ṣe ọmọ yìí. Colin Pitchfork ni wọ́n wá mú lẹ́yìn náà, wọ́n dá a lẹ́bi ní 1988.

Ẹjọ́ ìpànìyàn Castro ní New York, 1989, ni ìgbà àkọ́kọ́ táwọn lọ́yà olùjẹ́jọ́ máa gbéjà ko àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ gidi. Ẹ̀jẹ̀ kékeré tó wà lára aago ọwọ́ olùjẹ́jọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Barry Scheck àti Peter Neufeld pe onímọ̀ ìṣirò àti jẹnẹ́tíìkì, Eric Lander, kó wá jẹ́rìí, ó sì ṣàlàyé báwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà ò ṣe tẹ̀ lé òfin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ò wọ́pọ̀: àwọn onímọ̀ tìhín tọ̀hún lọ jókòó pọ̀ láìsí lọ́yà kankan láàárín wọn, wọ́n sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èsì náà ò tíì tó ohun tí kóòtù lè gbára lé. Adájọ́ gbà, ó ní ìjọba ò gbọ́dọ̀ lò ó láti fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ òkú náà ni. (Olùjẹ́jọ́ yẹn pàpà jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ àyẹ̀wò burúkú di àyẹ̀wò rere.) Àwọn lọ́yà méjèèjì dá Innocence Project, àjọ tó ń fi DNA gba àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi láìṣẹ̀ sílẹ̀, kalẹ̀ ní 1992, wọ́n tún wà lára àwọn tó gbèjà O.J. Simpson, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 3 October 1995 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọjọ́ gbọọrọ bi àwọn tó kó ẹ̀jẹ̀ níbi ìṣẹ̀lẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe kó o. Mullis alára wà lórí ìwé ẹlẹ́rìí olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ yẹn, àmọ́ kò padà gorí àpótí ẹlẹ́rìí.

Bí DNA ṣe débẹ̀

Èèyàn máa rò pé iṣẹ́ ẹlẹ́rìí yìí ò ju kó wá sọ pé "kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀" lọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa gbà pé DNA olùjẹ́jọ́ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, á wá béèrè pé báwo ló ṣe débẹ̀, nígbà wo, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni àbí òógùn ọwọ́ lásán, torí DNA kì í kọ déètì sára, kì í sì í sọ iṣẹ́ tí olówó ẹ̀ wá ṣe. Ká ní wọ́n rí ọ̀bẹ alápatà kan tẹ́ni tó pa èèyàn sọ nù lẹ́yìn ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, tó sì jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń lo ọ̀bẹ ọ̀hún láti àárọ̀, DNA gbogbo wọn lè wà ní èèkù rẹ̀, ẹni tó sì lò ó kẹ́yìn lè wọ ìbọ̀wọ́ kó má fi nǹkan kan sílẹ̀.

DNA tún lè gba ara ẹlòmíì kọjá. Ní California ní 2012, wọ́n rí DNA ọkùnrin kan tí kò nílé lábẹ́ èékánná ẹni tí wọ́n pa, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ. Lọ́yà rẹ̀ ló lọ tú ìwé ọsibítù, ló bá rí i pé ọkùnrin náà ti mutí yó kẹ́rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó gbé e lọ sọ́sibítù làwọn kan náà tó sáré lọ síbi tí wọ́n ti pa ẹni yẹn ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2013.

Ti Jámánì tún pabanbarì. DNA obìnrin kan ṣoṣo jáde níbi ìwà ọ̀daràn bíi 40 ní Jámánì, Austria àti ilẹ̀ Faransé, títí kan ibi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàá kan ní Heilbronn ní 2007. Àwọn ọlọ́pàá ń wá a kiri. Ní 2009 ni wọ́n tó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń di òwú tí wọ́n fi ń nu àbàwọ́n ni. Wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò tó wà lára òwú yẹn lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń pa kòkòrò kì í fi dandan pa DNA rẹ́. Ní Perugia nílẹ̀ Ítálì, nínú ẹjọ́ ìpànìyàn 2007 tó kan Amanda Knox àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ọjọ́ 46 lẹ́yìn ìpànìyàn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú ìkọ́ bùrẹ́síà tí ìjọba gbójú lé láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì tí kóòtù fúnra rẹ̀ yàn ní 2011 bẹnu àtẹ́ lù ú, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì parí ọ̀rọ̀ náà ní 2015, ó dá àwọn olùjẹ́jọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀rá ni kí ẹlẹ́rìí olùjẹ́jọ́ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n bá fi tútù dì sínú ọ̀rá máa hu, èbu á sì jẹ DNA inú rẹ̀. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n sá a gbẹ kí wọ́n wá kó o sínú àpò pépà. Ta ló gbà á, ta ló fi lé lọ́wọ́, ṣé iná ò lọ níbi fíríìjì tó wà, ṣé ìwé wà tó fi hàn: ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lè dúró tàbí ṣubú níbẹ̀, kí wọ́n tó dórí STR rárá.

Nọ́ńbà

Láàbù kì í sọ pé "òun ni". Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èsì bá tiẹ̀ mu, àti pé bóyá ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan ló máa ní irú ẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn gbọ́ ọ bíi pé mílíọ̀nù kan sí ọ̀kan ni pé ó jẹ̀bi. Èèyàn tí ìkànìyàn 2006 kà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4, torí náà ní Ọ̀ṣun nìkan, ó lè jẹ́ èèyàn mẹ́ta lèsì náà máa bá mu, ká má tíì sọ pé wọ́n kọjá Ọ̀wẹ̀nà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là á yé àwọn adájọ́ ní 1996 nínú ẹjọ́ Doheny àti Adams. Sáńpù tó mọ́ tó sì pé lónìí máa ń mú nọ́ńbà tó ju bílíọ̀nù lọ wá, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé bá jà. Sáńpù tó ti bàjẹ́ tàbí tí DNA èèyàn mẹ́ta dà pọ̀ sínú rẹ̀ ni wàhálà wà. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣèṣirò ìyẹn báyìí, àwọn ètò náà sì lè má gbọ́ra wọn yé: nínú ẹjọ́ ìpànìyàn ọmọdé kan ní ìpínlẹ̀ New York ní 2016, STRmix tọ́ka sí olùjẹ́jọ́, TrueAllele ní òun ò lè sọ. Adájọ́ ò jẹ́ kí wọ́n lo ti STRmix, wọ́n sì dá ọkùnrin náà sílẹ̀.

Agbo ilé àti ìbejì

Nọ́ńbà yẹn gbà pé ẹni tí kò bá olùjẹ́jọ́ tan ni ẹni kejì tó ṣeé ṣe kó jẹ́ apànìyàn. Nínú agbo ilé kan ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá méjì máa ń jọra gan-an nínú STR, ẹlẹ́rìí olùjẹ́jọ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣírò bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá wà nítòsí. Y-STR, ìyẹn STR tó wà lórí kúrómósómù Y tí ọkùnrin máa ń ní, le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bàbá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin láìsí ìyípadà tó pọ̀: bàbá, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, àbúrò bàbá àtàwọn ọmọ tiẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó wá látọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà lè gbé ohun kan náà. Téèyàn bá sọ fún kóòtù pé Y-STR bá a mu, agbo ilé lodindi ló tọ́ka sí, kò tíì mú ẹnì kan.

Ti ìbejì yàtọ̀ sí bí àwọn èèyàn ṣe rò ó. Ìbejì tó jọra bí ìmumu ni STR ò lè yà sọ́tọ̀, irú wọn kò sì ju bíi mẹ́rin nínú 1,000 ìbímọ káàkiri ayé. Ìbejì tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, tó sọ Igbó-Ọrà di olókìkí, èyí tó wá láti ẹyin méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn ni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé yìí ò ju ọmọ ìyá lásán lọ lójú láàbù.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Nàìjíríà

Òfin Ẹ̀rí 2011, abala 68, ló gba onímọ̀ láàyè láti sọ èrò rẹ̀ ní kóòtù. Abala 36 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 fún olùjẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀ bí ìjọba ṣe pe tiẹ̀, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ nìkan ló ń dá ẹjọ́ wa, kò sí ìgbìmọ̀ aráàlú bíi ti Amẹ́ríkà, kò sì pọndandan kó gba ohun tí onímọ̀ bá sọ. Ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun ń jókòó ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, Àkúrẹ́ lẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ń lọ.

Dókítà tó ń yẹ òkú wò ṣì ni ẹlẹ́rìí onímọ̀ táwọn kóòtù wa mọ̀ jù. Bó ṣe rí náà nìyẹn nínú ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó kú sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ilé-Ifẹ̀ lóṣù November 2021, tí wọ́n dá ní Òṣogbo ní 30 May 2023. Ọwọ́ kóòtù ò fi bẹ́ẹ̀ tó láàbù DNA. Ìjọba Èkó ṣí tiwọn ní 2017, àwọn jàǹdùkú sì bà á jẹ́ nígbà rògbòdìyàn October 2020. Èyí tó le jù fún olùjẹ́jọ́ ni owó, torí ẹni tí Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Òfin, Legal Aid Council, ń bá gbẹjọ́ rò lè má rí owó sáńpù kan san, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ onímọ̀.

Èdè nínú kóòtù

Òfin orílẹ̀-èdè 1999 náà ní kí olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ le nínú ẹ̀rí yìí, torí Yorùbá ojoojúmọ́ ò ní ọ̀rọ̀ fún "ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po mélòó". Tí onímọ̀ bá sọ pé èsì bá ti olùjẹ́jọ́ mu, tí ògbufọ̀ wá túmọ̀ rẹ̀ sí "wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ni", ohun tí ẹlẹ́rìí ò sọ ló ti gbé síwájú ọkùnrin tó dúró nínú àpótí yẹn, òun náà á sì dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.